Ọwọ́ Kékeré Nínú Iṣẹ́ Ilé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣe níwájú àpéjọ àwọn òbí àti àwọn olùkọ́

 

Nígbà tí ẹ gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé àti iṣẹ́ ilé ni a óò sọ lónìí, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti fi ojú inú rí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó nà gbalaja sórí àga, tí ìyá rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ títí tí ohùn fi há, tí kò dìde. Ọmọ yẹn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èyí tí mo fẹ́ kí a jọ wò ni ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, tí eyín rẹ̀ kò tíì pé lẹ́nu, títí lọ dé èyí tí ó fẹ́ wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé bí a bá fi ara balẹ̀ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọdún méjì, a óò mọ ìdí tí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fi nà gbalaja.

Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀. Ìfẹ́ láti ṣiṣẹ́ máa ń dé sí ara ọmọ ní ọdún bíi mélòó kan kí agbára láti ṣe é tó dé. Ilé tí ó bá sì lé ìfẹ́ náà dànù nítorí pé agbára kò tíì tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ tí agbára bá dé, kò ní bá ìfẹ́ nílé mọ́.

Ẹ wo ọmọ ọdún kan ààbọ̀ nínú ilé yòówù tí ó bá wù yín. Bí ìyá rẹ̀ bá mú ìgbálẹ̀, òun náà yóò di ìdí ìgbálẹ̀ mú. Bí a bá ń fọ aṣọ, yóò ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú omi ọṣẹ. Bí a bá ń ṣa ẹ̀wà, yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan, yóò dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀, yóò sì gbé ojú sókè wo ẹni tí ó ń ṣa ẹ̀wà bí ẹni tí ó ti ṣe bẹbẹ tí ó ń retí kí a kí òun. Èsì wo ni à ń fún un? “Kúrò níbí, má bà mí níṣẹ́ jẹ́.” A ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tàbí kí a tan tẹlifíṣọ̀n fún un, tàbí, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ ní ayé tí a wà yìí, kí a ki fóònù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí ilé lè rọgbọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìyá kan náà yóò dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá, yóò máa wí fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun kì í gbé abọ́ tí ó fi jẹun kúrò nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún ọmọ náà: ohun tí a kọ́ ọ ni ó ń ṣe. Ní àkókò tí ọwọ́ rẹ̀ ń yún un sí iṣẹ́, léraléra ni a wí fún un pé iṣẹ́ ilé kì í ṣe tirẹ̀, ó sì gbọ́.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti fi ojú ìwádìí wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1982, obìnrin kan tí ń jẹ́ Harriet Rheingold, ẹni tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí ìwà àwọn ọmọ kéékèèké ní Yunifásítì North Carolina ní Amẹ́ríkà, kọ ìròyìn ohun tí ó rí nígbà tí ó ṣètò yàrá kan bí inú ilé, tí ó kó iṣẹ́ ilé síbẹ̀, aṣọ tí a óò ká, tábìlì tí a óò tẹ́, ilẹ̀ tí a óò gbá, tí ó sì ní kí àwọn òbí máa ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí nígbà tí ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ ọdún méjì wà níbẹ̀, ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ sì wà níbẹ̀. Kíá ni wọ́n bọ́ sí iṣẹ́, wọ́n ń gbé, wọ́n ń ká, wọ́n ń gbá, púpọ̀ nínú wọn sì ń bá òbí wọn ṣe é dé ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ṣùgbọ́n èyí tí ó gbà mí lọ́kàn jù nínú ìròyìn obìnrin yìí ni ohun tí àwọn òbí kan jẹ́wọ́ rẹ̀ fún un, pé ní ilé àwọn, àwọn a máa dúró kí ọmọ sùn kí àwọn tó ṣe iṣẹ́ ilé, kí ó má baà wá dí àwọn lọ́wọ́. Ẹ rí i pé kì í ṣe Ìbàdàn àti Èkó nìkan ni a ti ń lé ọmọ kúrò nídìí ìgbálẹ̀.

Ní ọdún 2006, ní ìlú Leipzig ní ilẹ̀ Jámánì, Felix Warneken àti Michael Tomasello tún dá irú rẹ̀ wò lọ́nà mìíràn. Wọ́n kó ọmọ mẹ́rìnlélógún tí wọ́n jẹ́ ọmọ oṣù méjìdínlógún jọ, wọ́n sì jẹ́ kí ọkùnrin kan tí kì í ṣe baba wọn máa ṣiṣẹ́ lójú wọn. Ọkùnrin náà ń sá aṣọ sórí okùn, pẹ́ẹ̀gì aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó nawọ́ sí i, kò tó o. Ọmọ dìde, ó mú un fún un. Ó ru ìwé lọ́wọ́, ó ń fi ara sọ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, kò lè ṣí i. Ọmọ rọra lọ, ó ṣí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọkùnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ ju pẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ ni, wọn kì í sábà dá sí i. Nítorí náà ọmọ tí kò tíì lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀ ti mọ ẹni tí ó nílò ìrànlọ́wọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ń ṣeré, inú rẹ̀ sì dùn láti ràn án lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni na pàṣán sí i.

Àwọn baba ńlá wa kò gbé yàrá kankan kalẹ̀ fún ìwádìí, ṣùgbọ́n bí ilé wọn ti rí ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà fún wọn. Nínú agbo ilé àtijọ́, kò sí ìyá kan tí ó jókòó gbìmọ̀ nípa ọjọ́ tí ọmọ òun yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ omi pípọn wò ó. Nígbà tí àwọn obìnrin bá ń wọ́ lọ sí odò ní ìdájí, ìyá a gbé orù, àwọn wúńdíá a gbé ìkòkò tí ó kéré sí i, àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì bàlágà a gbé akèrègbè, èyí tí ó kéré jù lọ nínú wọn, tí kò tíì ju bí ẹni ọdún mẹ́ta lọ, a di ahá kékeré kan mú, a máa sáré tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Nígbà tí wọn yóò bá fi padà délé, omi tí ó kù sínú ahá náà kì í ju èyí tí adìẹ kan yóò mu lọ. Ṣùgbọ́n a ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yẹ, a ó dà á sínú àmù níbi tí a da ti àwọn yòókù sí, bí àlejò bá sì dé ní ọ̀sán tí ó bu omi mu, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé omi ọmọ kékeré yẹn kò sí nínú ohun tí ó mu.

Bákan náà ni èlùbọ́ tí a sá sórí àpáta. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò lè bẹ iṣu, tí kò lè gún un, tí kò lè gbé igbá rẹ̀, ni a ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lé lọ́wọ́ pé kí ó máa lé adìẹ àti ewúrẹ́. Iṣẹ́ gidi sì ni, nítorí pé bí ó bá sùn lọ, ewúrẹ́ yóò jẹ èlùbọ́ ilé náà, gbogbo ilé ni yóò sì mọ̀ ọ́n. Ní alẹ́, bí a bá da ẹ̀gúsí sílẹ̀ láti bó, ti àgbà ti ọmọdé ni yóò yí igbá náà ká. Àgbà ń bó, ọmọ ń bó, àlọ́ ń lọ, ẹ̀gúsí tí ọmọ ọdún márùn-ún bó sì lè máà kún àtẹ́lẹwọ́ kan kí oorun tó gbé e lọ. N. A. Fádípẹ̀, tí ó kọ ìwé ńlá lórí ìgbé-ayé àwa Yorùbá fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì London ní ọdún 1939, èyí tí a kò tẹ̀ di ìwé títí di ọdún 1970, lẹ́yìn ikú rẹ̀, fi yé wa pé gbogbo àgbà inú agbo ilé ni ó ń pín nínú títọ́ ọmọ. Bí ẹ bá sì rò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ohun tí ó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé ojú kan náà ni ọmọ àti àgbà ti ń ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ jíjẹ́ tún wà, èyí tí mo kà sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga nínú gbogbo wọn. “Lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní ojúlé kẹta, kí o kúnlẹ̀, kí o wí pé ìyá mi ní kí n kí yín, pé kí ẹ bá òun fi iyọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́.” Nínú gbólóhùn kékeré yìí ni ọmọ ti ń kọ́ ìkúnlẹ̀, tí ó ń kọ́ láti pa ọ̀rọ̀ mọ́ sínú láì bù ú kù, tí ó ń kọ́ ọ̀nà, tí ó sì ń kọ́ láti gbé nǹkan ẹlẹ́gẹ́ dé ibi tí ó ń lọ. Bí ó bá fi iyọ̀ sílẹ̀ lọ́nà, tàbí tí ó gbàgbé ìdajì iṣẹ́ tí a rán an, àwọn àgbà kì í bínú púpọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kò nílò iyọ̀ náà ju bí wọ́n ti fẹ́ mọ ibi tí ọgbọ́n ọmọ náà dé lọ.

Báwo ni a ṣe wá sọ èyí nù? Àwọn kan a máa sọ pé ọ̀làjú ni, wọ́n a sì dákẹ́ síbẹ̀, bí ẹni pé ọ̀làjú jẹ́ òjò tí kò sí ẹni tí ó lè sá fún. Ní tèmi, ohun mẹ́ta ni mo rí, méjì nínú wọn kò sì le. Èkíní ni pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti kúrò lójú ọmọ: omi wá láti inú ẹ̀rọ, ata di ti ẹlẹ́rọ ìlọta, iná wà nínú sílíńdà gáàsì tí ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Èkejì ni pé ìyá ti ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó sì ń bá sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ wọlé ní alẹ́. Ẹni tí kò ní ju wákàtí kan lọ láti dáná, kí ni a fẹ́ kí ó ṣe sí ọmọ tí yóò sọ wákàtí náà di méjì?

Ẹ̀kẹta ni ó le, orí àwọn olùkọ́ sì ni ó já lé. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni ó kúrò ní oko àti ní ẹ̀gbẹ́ àdògán ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ohun rere ni, èmi kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ mi bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n inú ọgbà ilé-ìwé wọ̀nyí náà ni a ti sọ iṣẹ́ ọwọ́ di ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ tí ó pẹ́ dé, kí ó lọ gé koríko. Ọmọ tí ó sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, kí ó lọ pọn omi. Ọmọ tí kò mọ ìṣirò, kí ó gbá gbogbo àgbàlá. Ọmọ tí ó mọ̀wé ni kì í gbálẹ̀. A ṣe èyí fún ìran mẹ́ta, a wá ń ṣe kàyéfì pé àwọn tí ó jáde níbẹ̀, tí wọ́n ti di ìyá àti baba báyìí, kò fẹ́ kí ọmọ wọn fọwọ́ kan ìgbálẹ̀: ìgbálẹ̀ ni àmì ẹni tí ó ṣẹ̀ ní ojú wọn. Ní ilẹ̀ Japan, àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ó ń gbá kíláàsì wọn, tí wọ́n ń nu ilẹ̀ rẹ̀, olóye àti aláìlóye wọn, ẹni tí ó tètè dé àti ẹni tí ó pẹ́, gẹ́gẹ́ bí apá kan nínú ètò ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tí ó rò pé wọ́n ń jẹ wọ́n níyà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ìyà mìíràn.

Kì í ṣe ilé-ìwé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ó kan ilé náà: ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ní ìlú Guadalajara, àwọn oníwàádìí kan, tí Barbara Rogoff wà lára wọn, bi àwọn ìyá léèrè nípa iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wọn tí wọ́n tó ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ ń ṣe nílé. Àwọn ìdílé tí àṣà àwọn onílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, níbi tí ìyá kò ti ka ìwé púpọ̀, ni ọmọ ti ń dìde fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ilé láìjẹ́ pé a rán an. Ní ilé àwọn ìyá tí ó kàwé gan-an, ìwọ̀nba ni irú rẹ̀, bí ọmọ yóò bá sì ṣe nǹkan, ti àṣẹ ni. Kì í ṣe pé ìwé ń ba ọmọ jẹ́. Ìyá tí ó kàwé a máa rò pé ọjọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ kún fún ẹ̀kọ́ àti eré tí a ṣètò fún un, ó sì ti gbàgbé pé ẹ̀kọ́ ni ọmọ ń bẹ̀ ẹ́ fún nígbà tí ó di ìdí ìgbálẹ̀ mú.

Ọ̀mọ̀wé kan wà tí kò gbàgbé. Maria Montessori, obìnrin oníṣègùn ará Ítálì, ṣí ilé kan fún àwọn ọmọ tálákà ní àdúgbò San Lorenzo ní Róòmù ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìn-ín-ní ọdún 1907, nínú ilé náà ni ó sì ti ṣe àga tí ọmọ lè dá gbé, ìgbálẹ̀ tí kò ga ju ọmọ lọ, abọ́ ìfọwọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Ó kó àwo tanganran àti ife onígíláàsì fún wọn, èyí tí ó lè fọ́, nítorí pé ohun tí kò lè fọ́ kò lè kọ́ ọmọ ní ìṣọ́ra. Títí di òní ni àwọn ilé-ìwé tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Èkó àti Ìbàdàn, tí àwọn òbí sì ń san owó gọbọi kí ọmọ wọn lè lọ síbẹ̀ láti kọ́ bí a ṣe ń da omi láti inú ife kan sínú òmíràn. Èmi kò ní rẹ́rìn-ín wọn, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ rántí ahá kékeré ọ̀nà odò. Ìyá àgbà yín ti mọ ọgbọ́n yìí, kò sì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Ó kù kí a sọ bí a óò ti ṣe é nínú fláàtì oníyàrá méjì. Àkọ́kọ́, kí iṣẹ́ náà jẹ́ iṣẹ́ tòótọ́. Ọmọ mọ̀ nígbà tí a bá ń tan òun. Bí ẹ bá fún un ní ìkòkò oníke ìṣeré pé kí ó lọ máa “dáná” ní kọ̀rọ̀, yóò ṣe é fún ìṣẹ́jú mélòó kan, yóò sì padà wá sídìí ìkòkò yín. Ọmọ ọdún méjì lè gbé ife tirẹ̀ lọ síbi ìfọbọ́, ó lè kó aṣọ ìdọ̀tí sínú agbọ̀n, ó lè mú bàtà baba rẹ̀ wá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí ìrìn méjì sì ń dùn mọ́ ọn ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè já ewédú. Yóò já igi rẹ̀ mọ́ ewé, ẹ ó sì tún un já lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ lójú rẹ̀. Gbólóhùn tí mo sọ tán yìí, mo fẹ́ kí ẹ mú un délé: nínú gbogbo àṣìṣe tí à ń ṣe, mo gbà pé èyí ni ó burú jù, pé ọmọ tẹ́ ibùsùn, ìyá sì tú u palẹ̀ ní ìṣójú rẹ̀ láti tún un tẹ́. Kò sí èébú tí ó ju ìyẹn lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún lè ṣa ẹ̀wà dáadáa, ojú rẹ̀ sì mú ju tiwa lọ láti rí òkúta. Ó lè ka síbí sórí tábìlì gẹ́gẹ́ bí iye ènìyàn, èyí tí í ṣe ìṣirò. Ó lè di ìjábẹ̀ mú, kí ó máa ja ewédú nínú ìkòkò tí a ti sọ̀ kúrò lórí iná, tí ó sì ti tutù.

Mo dárúkọ iná. Ohun tí kò yẹ ọwọ́ kékeré, kò yẹ ẹ́, kò sì sí àròyé nínú rẹ̀: òróró gbígbóná, omi híhó, ọ̀bẹ mímú, ẹnu kànga, kẹrosíìnì tí a rọ sínú ìgò ohun mímu, oògùn ìfọlé tí ń jóni lára. Àwọn ìyá ìgbà kan a máa rán ọmọ kékeré lọ fi àpáàdì gba ẹ̀yín iná wá láti ojúlé kejì. A kò gbọdọ̀ ṣe é mọ́, ẹni tí ó bá sì ní kò ṣe òun ní nǹkan, kí ó bá àwọn tí àpá iná wà lára wọn títí di òní sọ̀rọ̀.

Ní ti àkókò, èmi kò ní pa irọ́ fún yín. Iṣẹ́ tí ọmọ bá bá wa ṣe yóò pẹ́ sí i, yóò dọ̀tí sí i, omi yóò dànù, abọ́ kan tàbí méjì yóò fọ́. Gbèsè ni, à ń san án fún bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìyá tí ó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ kò lè san án lójoojúmọ́, kò sì yẹ kí a dá a lẹ́bi. Kí ó mú òwúrọ̀ Sátidé kan ṣoṣo, kí ó pinnu tẹ́lẹ̀ pé ní òwúrọ̀ yìí òun kò ní kánjú, kí baba ilé náà sì wà níbẹ̀.

Àwọn kan ń bi mí bóyá kí a máa san owó fún ọmọ lórí iṣẹ́ ilé, nítorí wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó ń ṣe é. Warneken àti Tomasello kan náà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan dán èyí wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2008: àwọn ọmọ ogún oṣù tí a fún ní ohun ìṣeré kékeré nígbà tí wọ́n ràn ènìyàn lọ́wọ́ kò fẹ́ ṣe é tó tẹ́lẹ̀ mọ́ nígbà tí ohun ìṣeré náà dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n àwọn tí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu yìn, àti àwọn tí a kò fún ní nǹkan kan rárá, kò dẹ́kun. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyá wa ń san. Bí ọmọ bá jẹ́ iṣẹ́ dé, ìyá a pe oríkì rẹ̀: Àkànní, Àjàní, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, a tẹ oríkì ìdílé mọ́ ọn, ọmọ ẹni báyìí, ọmọ ará ibi báyìí, a wá fi àdúrà dé e lórí pé, “Ìwọ náà á rẹ́ni rán níṣẹ́.” Mo ti rí ọmọ tí orí rẹ̀ wú tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ oríkì tí ó fi padà sẹ́yìn láti béèrè bóyá iṣẹ́ mìíràn wà. Igba náírà wo ni ó lè ṣe èyí? Àwọn ọmọ wa kan kò mọ oríkì wọn mọ́ lónìí, nítorí pé kò sí iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ tí a óò fi kì wọ́n.

Mo ní láti ya díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn baba. Ìfẹ́ iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin nígbà tí ọmọ bá wà ní ọdún méjì. Àwa ni a ń yà wọ́n. Bí ọmọkùnrin bá di ìjábẹ̀ mú, ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ kan yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní ṣé ó fẹ́ di obìnrin ni, ó sì parí. Ẹ bi àwọn àgbà tí wọ́n gbé abà lóko kòkó nígbà èwe wọn bóyá kò sí ọ̀pọ̀ ọkùnrin níbẹ̀ tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sun iṣu, tí ó ń ro ọkà, tí ó ń se ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ tí adùn rẹ̀ ń pe ará abà kejì. Ọdẹ tí ó sùn sínú igbó, ta ni ó ń bá a dáná? Ìyàwó tí ó fẹ́ ọkọ tí kò lè se omi gbígbóná kò fẹ́ ọmọ àṣà Yorùbá. Ọmọ tí a bà jẹ́ nínú ilé ni ó fẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí kò dùn ún sọ nínú irú àpéjọ báyìí, nítorí pé ó wà nínú ilé ọ̀pọ̀ wa. Ìgbà àtijọ́ tí mo ti ń yìn láti òwúrọ̀ kì í ṣe ọ̀run: ìgbà náà ni a fi ọmọ ẹlòmíràn ṣe ìwọ̀fà nítorí owó tí baba rẹ̀ yá, tí ó sì ń sin olówó títí gbèsè fi tán. Ìwọ̀fà ti lọ, ọmọ ọ̀dọ̀ sì dé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003, ní abala kejìdínlọ́gbọ̀n rẹ̀, la ọ̀rọ̀ yìí sí méjì kedere: ó gba iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ láàyè fún ọmọ lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀, ní oko tàbí nínú ilé, ó sì lòdì sí kí a gbé ẹrù tí ó ju agbára ọmọ lọ lé e, àti sí kí a fi ọmọ ṣe ìránṣẹ́ ilé níbi tí kì í ṣe ilé rẹ̀ tàbí ti ẹbí rẹ̀. Èmi kì í ṣe amòfin, ṣùgbọ́n ìlà tí òfin náà fà bá ohun tí mo ń sọ mu rẹ́gí. Ọmọ tí ó ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń jẹ́ ara ilé. Èyí tí ó ń dá gbálẹ̀ kí àwọn ọmọ ilé tó jí ń kọ́ pé òun kì í ṣe ara ilé. Ọmọ onílé tí ó jókòó, tí ó ń wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí ìgbálẹ̀, ń kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó burú ju méjèèjì lọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí yóò yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀ tí ó bá pé ọmọ ogún ọdún. Ẹni tí ó bá ti gba ọmọ ọ̀dọ̀ sílé, kí ó lọ rí àwọn òbí rẹ̀ kí ó lè dá a padà fún wọn. Títí ọjọ́ náà yóò fi pé, kí ó forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ ní ilé-ìwé ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ yìí, kí ó sì ra ìgbálẹ̀ kejì fún ọmọ tirẹ̀.